Oyè Àkùkọ àti Iná Tí Kò Dé

Nígbà láéláé, nígbà tí ilẹ̀ máa ń mọ́ láìsí ariwo, àkùkọ kì í kọ. Orí lásán ló ń gbé kiri, oorun ló sì máa ń sùn títí oòrùn yóò fi gun orí igi.

Òkùnkùn biribiri ni abúlé Olókùúta tí ó ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni Ẹ̀tà yóò yọ́ wọlé, á gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àkùkọ lọ. Àgbébọ̀ ìyàwó rẹ̀ sunkún títí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kan ilẹ̀kùn sí ẹnu ilé. Àkùkọ ní òun gbọ́, ó di ọ̀la.

Kí ọ̀la tó dé, Ìnàkí ti ìlú ńlá wá. Ó ń wá ẹni tí yóò fi òun jọba, ó sì ní òun yóò fa iná mànàmáná wá fún wọn. Ó ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní gbàgede, ó so okùn mọ́ ọn, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwọn ará Olókùúta mọ àlejò í ṣe. Àlejò ńlá kì í wọ ìlú wọn kó má bá ẹni tí yóò kí i káàbọ̀. Wọ́n bá fi Àkùkọ jẹ Olóyè Akíná-káàbọ̀, iná ò tíì dé o. Wọ́n dé e ní fìlà pupa, ọrùn rẹ̀ sì gùn sí i lọ́jọ́ náà.

Àgbébọ̀ rán an létí ilẹ̀kùn. Àkùkọ ní kí ni wọ́n ń fi ilẹ̀kùn ṣe níbi tí iná ti ń bọ̀? Orí òpó ló wá ń sùn, kí iná má baà dé lẹ́yìn òun.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó rí i tí ojú ọ̀run ń pọ́n. Ó gbọn ìyẹ́ pìpì, ó fi gbogbo ọ̀fun ké pé, "Iná ti dé o!"

Gbogbo abúlé tú jáde. Wọ́n wo òpó, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, nítorí oòrùn ló fẹ́ yọ. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí Àgbébọ̀ fi figbe ta. Ẹ̀tà ti wọlé lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù.

Àgbébọ̀ kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ bó ti yẹ. "Olóyè mi, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń kí yìí, àwọn baba ńlá yín bá a láyé. Ẹ kú iṣẹ́."

Ojú ti Àkùkọ, àmọ́ oyè dùn. Ó ní ohùn ni òun kàn ń dán wò.

Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ ti ń dé fìlà pupa, tí ó ń kọ ní ìdájí, tí ó sì ń di ojú bó bá ń kọ, kó má baà rí òpó. Ìnàkí ti jọba ní tirẹ̀. Àgbébọ̀ kò sì retí ẹnikẹ́ni mọ́: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ló ń kó ọmọ sí.