Ọpọ́n Ayò tó Há sí Àjà

Ẹnìkan kì í dá ayò ta. Ẹni tó bá dá a ta, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Awo Òkè-Àjà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dífá fún Akínṣànyà, nígbà tí ó ń ṣàárò ẹ̀rín ara rẹ̀.

Akínṣànyà ti jẹ oyè Ọ̀tún. Àgbàdo kún àká rẹ̀, ọmọ kún ojúde rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó jẹ oyè náà ni ó ti gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ há àjà. Ó ní eré kò yẹ àgbà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí; bóyá ẹ tilẹ̀ ti sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá gbọ́ ìró ọmọ ayò lábẹ́ igi odán, a fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ a máa fà sí Dégòkè tí ń hun agbọ̀n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

Awo ní kí ó fi ẹyẹlé méjì àti obì rúbọ. Ó ní kí ó sì fi orí ara rẹ̀ ru ọpọ́n náà lọ bá ẹni tí ó ti ń pè é ní òpè rí nídìí ayò.

Akínṣànyà rú ẹyẹlé, ó rú obì. Ọpọ́n ni kò rù. Ó ránṣẹ́ pe Dégòkè.

Dégòkè dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n sọ ọpọ́n kalẹ̀ láti àjà, wọ́n ta ayò. Ojú olóyè ni Dégòkè ń wò kí ó tó mú ọmọ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí olóyè pa òun.

"Ẹ ti pa mí, Baba Ọ̀tún." Ó dìde, ó lọ.

Ilé wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akínṣànyà sunkún. Àgbà sunkún nítorí pé kò rí ẹni bú u. Ó padà lọ sọ́dọ̀ awo, ó ní òun rúbọ, ẹbọ kò dà.

Awo bi í pé, "Orí ta ló ru ọpọ́n?"

Akínṣànyà dìde, ó gba ilé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí fìlà, ó ru ọpọ́n la àárín ìlú kọjá lọ sílé Dégòkè. Dégòkè rí i, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Akínṣànyà dì í mú.

"Dégòkè, nídìí ayò, kò sí olóyè. Ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta àti òpè tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ló wà níbẹ̀."

Wọ́n jókòó. Dégòkè kọ́kọ́ ń wo ojú olóyè kí ó tó mú ọmọ. Nígbà tí wọ́n ta á dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Dégòkè kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìwọ òpè yìí, títí o fi joyè, o ò mọ ayò ta!"

Akínṣànyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jó, kò kọrin. Ó kàn tún ọmọ ayò tò sójú ọpọ́n ni. Ó ní bí awo òun ṣe wí náà ló rí.

Ẹni tó rúbọ tó sì gbọ́ràn ni ẹbọ ń gbè. Ẹni tó rú àbọ̀, àárò ni yóò máa ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọpọ́n há àjà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ọ̀rẹ́ yín tó kú.