Bí Ìyáálé Ṣe Kó Gbogbo Abo Dàbínù

“Ẹni tó kó gbogbo abo dàbínù, ẹnu ọ̀nà akọ ni yóò bá ara rẹ̀.” Ní Òkè-Sánsán, ìlú kan lápá ọ̀dàn, kò sí ìpàdé ẹbí tí òwe yìí kì í ti í jáde. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń pa á bóyá wọ́n mọ orísun rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yóò kàn wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, nítorí òwe tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí aṣọ àyálò.

Awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àkànmú. Lọ́rì ló ń wà lọ sí òkè Ọya, tó fi ń kó àlùbọ́sà bọ̀. Dàbínù, èso dídùn tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, ló máa ń jẹ lójú ọ̀nà kí oorun má baà gbé e. Bó bá jẹ ẹ́ tán, kì í da kóró rẹ̀ nù. Oko rẹ̀ ló ń gbìn ín sí. Nígbà tí àìsàn mú un lọ, igi dàbínù ti kún oko náà, kò sì tíì sí ọ̀kan tó so nínú wọn. Ìyàwó méjì ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyáálé ni Ìyá Gbàdé, obìnrin tí ojú rẹ̀ là púpọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìpín bá délẹ̀. Ìyàwó kékeré ni Jọláadé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Jọláadé bí, Fọlákẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Oko dàbínù yìí nìkan ni Jọláadé gbójú lé pé yóò rán ọmọ náà jáde níbẹ̀.

Wàhálà dàbínù ni pé kì í fi ara rẹ̀ hàn bọ̀rọ̀. Akọ rẹ̀ kò ní irùngbọ̀n, abo rẹ̀ kì í wé gèlè. Ó di ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó bá yọ òdòdó, kí ènìyàn tó mọ èyí tí yóò so àti èyí tí yóò kàn dúró. Ṣùgbọ́n Gbàdé, ọmọ ìyáálé, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò irúgbìn kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ogún, ó wálé, ó já ewé díẹ̀díẹ̀ lára igi kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn lọ. Ó ṣàlàyé fún ẹbí pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ohun àbínibí kan nínú ara, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àti pé àmì kan wà nínú ti akọ dàbínù tí kò sí nínú ti abo. Ẹ̀rọ ló ń wá àmì náà rí. Àwọn àgbà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Nígbà tó padà dé, ó fi ẹfun sàmì sára gbogbo abo, ó sì fi èédú sàmì sára gbogbo akọ. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún nílé náà: iye ìyàwó ni iye ìpín, ìyáálé ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Bó bá sì jẹ́ ogún igi, ẹni tó ni igi ló ni ilẹ̀ dé ibi tí òjìji rẹ̀ mọ. Bàbá Látẹ́jú, olórí ẹbí, ní kí Ìyá Gbàdé mú. Ìyá Gbàdé ò fi àkókò ṣòfò. Gbogbo igi ẹlẹ́fun ló nawọ́ sí.

“Màámi,” ni Gbàdé wí, “ẹ fi akọ díẹ̀ kún un. Bí ìyẹ̀fun òdòdó akọ kò bá kan òdòdó abo, abo ò ní í so.”

“Ìwé ni mo rán ọ lọ kà, n kò ní kí o wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú ìpín. Ta ló ni afẹ́fẹ́? Bí akọ ìyàwó bá tanná, afẹ́fẹ́ yóò gbé e wá bá tèmi lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ẹbí rẹ́rìn-ín. Kò sí bí Gbàdé yóò ṣe máa bá ìyá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Jọláadé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ ìpín, ó wọlé, ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún igi ló ń sun. Ẹkún Fọlákẹ́ ló ń sun.

Lẹ́yìn ẹkún, ó pọ́n àdá. Bí dàbínù òun kò bá ní í so, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò gba ẹ̀gẹ́. Ó pe àwọn géńdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gé igi. Ìyá Gbàdé dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko, ó ń gbọ́ ìró àdá. Kí ni yóò wí? Ìpín onípìn-ín ni. Wọ́n gé e títí wọ́n fi kan èyí tó wà ní ìpẹ̀kun oko lápá odò, tí Àkànmú máa ń fẹ̀yìn tì bó bá ti ìrìn àjò dé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Jọláadé ti wálẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò sì tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń kí i pé, “Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lóòró?”

Ẹ̀gẹ́ Jọláadé ta, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ju ti ọbẹ̀ lọ. Fọlákẹ́ padà sílé, ó jókòó. Igi Ìyá Gbàdé yọ òdòdó, ó yọ ọ́ rẹpẹtẹ. Òdòdó náà rọ, ó sì re dànù. Lọ́dún kejì, bákan náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan gbé dání. Akọ kan ṣoṣo tó kù jìnnà, ibòmíràn ni afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.

Nígbà tí igi tún fẹ́ yọ òdòdó, Gbàdé sọ fún ìyá rẹ̀ pé akọ kan ṣoṣo yẹn tó fún gbogbo abo oko náà, bí ènìyàn bá fọwọ́ gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ kiri. Jọláadé gbọ́. Ó mú àdá, ó lọ dúró sídìí igi náà. Gígé ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ìyáálé òun máa jẹ ewé títí ayé. Inú rẹ̀ dùn sí i, kí a má purọ́. Ó jẹ́ kí adùn náà wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé inú dídùn kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Ó gbé àdá padà sílé.

Kò pẹ́ tí Ìyá Gbàdé fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò wọlé, kò sì jókòó.

“Ìyàwó, òdòdó igi rẹ ni mo wá tọrọ.”

“Ẹ kú àbọ̀, mà. N kò ní í ta á, n kò sì ní í fi í tọrẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Látẹ́jú, ká da ìpín rú. Kí oko padà di ọ̀kan bí ọkọ wa ṣe fi í sílẹ̀, ká máa pín èso rẹ̀ ní ọgbọọgba.”

“Ìdajì? Nítorí igi kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ló kù.”

Ìyá Gbàdé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì jókòó.

Bàbá Látẹ́jú da ìpín náà rú. Gbàdé gun akọ náà, ó gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú igbá, ó sì ń gun abo kọ̀ọ̀kan láti wọ́n ọn sí òdòdó wọn. Dàbínù so lọ́dún náà títí ìdì èso rẹ̀ fi tẹ̀ wálẹ̀. Fọlákẹ́ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan tí ẹnì kan sì kó gbogbo èyí tó dára, tó fi èyí tó dà bí aláìwúlò sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pòwe fún un pé, “Ẹni tó kó gbogbo abo dàbínù, ẹnu ọ̀nà akọ ni yóò bá ara rẹ̀.” Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kí ó má tíì pọ́n àdá.