Onírédíò Tó Sáré Tẹ̀ Lé Abiyamọ

Ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú kékeré kan. Kò lọ sílé ìwé nígbà èwe rẹ̀. Ìgbà tó ti ní ìyàwó, tó ti bímọ, ló tó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó gbà á lọ́kàn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òyìnbó gígùn. Olùkọ́ wọn ní eré kan tó máa ń bá wọn ṣe kí wọ́n tó túká. Yóò mú lára àwọn lẹ́tà tí kò sí nínú ábídí tiwa, àwọn bíi c, q, v, x àti z, yóò kọ wọ́n sójú pátákó. Yóò ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ òyìnbó tó gùn tí àwọn lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan á ní "box", gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ò rí i pé àpótí kékeré lẹ gbé wá!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé ohun tí agbára òun ká nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan olùkọ́ kọ x, v àti z papọ̀. Onírédíò dìde, ó ní, "Extravaganza." Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní òyìnbó bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, pé ó jẹ́ àríyá ńlá aláriwo tí wọ́n fi ọ̀ṣọ́ oríṣiríṣi gbé kalẹ̀. Kò tàsé ẹyọ kan. Wọ́n pariwo lé e lórí, "Gírámà! Ọ̀gá Gírámà!" Orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára.

N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ti dàgbà kó tó di pẹ́ńsù mú mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ orí bọ̀rọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kọ́ wọn, bó ṣe ń fi iná jó òjé mọ́ wáyà ni ètè rẹ̀ ń mì. Ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn, kódà kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ pé dókítà obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn ìlú náà. Ìpínlẹ̀ mìíràn ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Nọ́ọ̀sì tó máa ń ṣe ògbufọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn abiyamọ ti kún orí bẹ́ǹṣì, ọmọ ń ké, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí dókítà ń wí. Ẹnì kan ní, "Ẹ lọ pe Ọ̀gá Gírámà wá!" Ọkùnrin náà fi rédíò tó tú sílẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó wá.

Ó túmọ̀ ibà. Ó túmọ̀ ikọ́ àti inú rírun. Ó ń lọ geere.

Ó wá kan abiyamọ ọ̀dọ́ kan tó gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ọmọ náà wú, ara rẹ̀ sú láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fojú ba oorun. Dókítà ní kí onírédíò bi í léèrè oògùn tó ń fún ọmọ náà, ó ní oògùn olómi pupa kan ni, èyí tí òun rà fún ibà, onírédíò sì túmọ̀ rẹ̀. Dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó mi orí, ó ní, "Hypersensitivity." Ó kọ oògùn tuntun sínú ìwé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Ojú onírédíò tàn. Ọ̀rọ̀ náà gùn, v sì wà nínú rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ rí. Ó dìde nàró bíi pé kíláàsì ló wà, ó pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí, ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní òyìnbó láìtàsé. Ó wá fi Yorùbá kádìí rẹ̀ pé, "Ìyá ọmọ, hypersensitivity ló ń ṣe ọmọ rẹ."

Àwọn tó jókòó pàtẹ́wọ́. "Gírámà!" "Ọ̀gá, ẹ ó pẹ́ fún wa!" Abiyamọ náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde.

Ibẹ̀ ni ara ti fu ọkùnrin náà. Ó bi ara rẹ̀ pé, ìyá wo ló ń gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́? Ó fi ariwo ìyìn sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó bá a lẹ́nu géètì.

"Ìyá ọmọ, kí ni mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Òyìnbó ni, sà. Ó dùn-ún gbọ́. Ẹ ṣeun gan-an."

"Kí lo fẹ́ ṣe tó o bá délé?"

"Màá fún un ní tuntun tí wọ́n kọ yìí. Màá sì fi èyí pupa yẹn kún un, sà. Ó ṣì ku díẹ̀ nínú ìgò. Mo fẹ́ kó tètè yá."

Ọkùnrin náà kò mọ̀ bóyá ó dára bẹ́ẹ̀ tàbí kò dára. Bẹ́ẹ̀ òun ló ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ó lè ní "Ó dáa," kó padà sídìí ìyìn rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà bá òun ká lọ.

Ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé. Ohun tí ìyá yìí máa ṣe ni mi ò mọ̀. Ó ní òun á tún fún ọmọ ní oògùn pupa náà. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò kàwé rí."

Dókítà fò dìde lórí àga. Ó ní oògùn pupa náà gan-an ló mú kí ojú ọmọ wú. Bó bá tún mu ún, ọ̀fun rẹ̀ lè dí.

Obìnrin kan kígbe láti orí bẹ́ǹṣì, "Háà, Ọ̀gá Gírámà, ṣé òyìnbó ti tán nílẹ̀ ni?"

"Ó ti tán, ìyá mi. Yorùbá ló kù."

Ó lóṣòó síwájú abiyamọ náà. "Ara ọmọ yìí kọ oògùn pupa yẹn. Dà á nù lónìí. Má ṣe fún un mọ́ láyé. Ibi yòówù kó o gbé e lọ, kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó yá, sọ ohun tí mo sọ."

Obìnrin náà sọ ọ́. Ẹ̀rù wá bà á, ẹnu rẹ̀ sì là. "Tó bá jẹ́ ṣíbí kékeré ńkọ́, sà?"

"Kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ẹ̀ nílé. Òun ló máa ń bá mi wo ọmọ."

"Yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó o tó délé."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ìbéèrè lórí ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Àwọn abiyamọ tí wọ́n ti dá lóhùn tẹ́lẹ̀ tún padà wá tò, kálukú fẹ́ kó sọ ti ọmọ òun bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ìwọ tí a jọ ń kọ́ ìwé, ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ kó o jọ. Kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn, kó o kọ́ ọ dáadáa, mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tó wá ń yìn ọ́, má jókòó ti ìyìn náà. Bi í ní ohun tó ń lọ ṣe nílé. Ìwọ náà, abiyamọ tí àyà ń já bó ṣe máa ń já èmi náà níwájú dókítà, tí ojú sì ń tì ọ́ láti béèrè, má tíì pọn ọmọ rẹ. Dúró síbẹ̀ títí wọn ó fi sọ ọ́ fún ọ ní èdè tí o fi ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún.