Erin Ọ̀mùtí Tó Kọjá Lójú Lápité

Bí erin bá mutí yó, tó ń bọ̀ lọ́nà, ohun tí ọlọ́gbọ́n máa ṣe kò ju kó sá wọgbó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Apárá ní òwe kan tó lòdì sí èyí: "Bí erin ọ̀mùtí bá ń kọjá, bi í níbi tó ń lọ." Ta ni yóò dúró máa bi erin ní ìbéèrè? Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rò pé àwọn ará Apárá gan-an ló mutí. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó bá wọn wí.

Ajírótutù ló kó ọ̀rọ̀ náà wọ̀lú. Ó ja ogun Bọ́mà, nígbà tó sì dé, kò mú nǹkan bọ̀ ju àpò kan tó kún fún ọmọ ayò onígi. Ará Jàpáànù kan tí wọ́n mú lójú ogun, tí wọ́n ní kí Ajírótutù máa ṣọ́, ló kọ́ ọ ní títa rẹ̀. Kì í ṣe ayò olópọ́n tiwa. Pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́, ojúlé méjìlá lóòró, méjìlá níbùú, ogun méjì á sì dojú kọ ara wọn lórí rẹ̀. Ọba wà níbẹ̀, ẹkùn afọ́jú wà níbẹ̀, kìnnìún sì wà níbẹ̀ tó ń rìn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àwọn tó kù ń rìn lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pa ọba ẹni, ó tán.

Ọ̀ta ni Lápité nídìí ayò tiwa. Kò sí ẹni tí kò tíì jẹ ní Apárá, orí ẹṣin ló sì ti máa ń rán wọn létí. Ó ń sọ kiri pé Ajírótutù kò dé Bọ́mà rí, pé ẹ̀wà ló ń sè fún àwọn ṣọ́jà l'Ábẹ́òkúta, pé Ajírótutù fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ayò náà. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ajírótutù wọnú egungun. Àgbò kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọjọ́ kejì sì ni ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pe Lápité sídìí ayò náà, àgbò ìkómọ yẹn ló sì fi ta á. Lápité fi ẹṣin rẹ̀ ta tirẹ̀, torí ó dá a lójú pé kò ní í lọ.

Ajírótutù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nígbà tó dé orí erin ọ̀mùtí, ọmọ ayò tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, Lápité rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ajírótutù ní kó fara balẹ̀, pé bí erin náà bá wọ ilẹ̀ ọ̀tá, wọn á yí i padà, á di àrẹ̀mọ. Ó fẹ́ sọ ohun tí àrẹ̀mọ ń ṣe.

"Èmi lo fẹ́ kọ́ nípa àrẹ̀mọ?" ni Lápité wí. "Ìran baba mi ló ń tọ́jú ẹṣin ààfin. Tẹ́ ayò rẹ, jàre."

Wọ́n ta á. Erin ọ̀mùtí ń rìn ségesège bọ̀. Lápité rí àyè pa á, kò pa á. Ó yà fún un, ó ní kó máa kọjá, ilé ọlọ́tí ló ń lọ. Gbogbo ogun rẹ̀ ló kó tẹ̀ lé ọba Ajírótutù, wọ́n sì pa á lóòótọ́.

Lápité fò sókè, ó ní kí wọ́n lọ tú àgbò wá. Ìbíwùmí, ìyàwó Ajírótutù, ti di okùn àgbò mú, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mú òun náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ajírótutù kò dìde. Ó ní ayò kò tíì tán, àrẹ̀mọ òun ṣì wà láàyè.

"Àrẹ̀mọ wo?" ni Lápité dáhùn. "Láyé àwọn baba wa, bí ọba bá wàjà, àrẹ̀mọ ń bá a lọ ni. Àṣà ni."

Àwọn àgbà tó ń wòran mi orí, torí wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà kan. Ajírótutù ní níbi tí ayò yìí ti wá, àrẹ̀mọ ní í jókòó sí ipò baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ìbíwùmí ló kọjú sí Lápité, tó là á.

"Bàbá, ọ̀la la ó kó ọmọ jáde nínú ilé yìí. Ṣé ojúde wa lẹ fẹ́ dúró sí kí ẹ ní ọmọ ń bá baba kú?"

Àwọn tó ń mi orí ò mi í mọ́.

"Ká má rí i," ni Lápité wí, ó rọra jókòó. "Ọmọ ni yóò gbẹ̀yìn baba."

Ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ogun rẹ̀ ti jìnnà sílé, ọba rẹ̀ nìkan ló kù, ẹ̀gbẹ́ ọba náà gan-an sì ni erin tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti yí padà di àrẹ̀mọ. Àrẹ̀mọ dí ọ̀nà níwájú, kìnnìún dí i lẹ́yìn, kò pẹ́ tí ọba Lápité fi lọ.

Ẹsẹ̀ ni Lápité fi rìn lọ sílé. Ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó pàdé Ògúnmádé, ọ̀mùtí tí òun Lápité máa ń fi ẹṣin lé wọ inú gọ́tà. Lọ́jọ́ náà, Lápité yà fún un, ó sì tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń lọ?"

Ògúnmádé wò ó dáadáa. "Ìkómọ ilé Ajírótutù."

"Ọ̀la mà ni."

"Mo fẹ́ tètè dé ni. Ẹṣin yín ńkọ́?"

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì di òwe kílẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń fi ọmọlàkejì ṣẹ̀sín ní Apárá báyìí, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn sọ fún un pé abèèrè kì í ṣìnà, Lápité tí kò bèèrè ló fẹsẹ̀ rìn délé: bí erin ọ̀mùtí bá ń kọjá, bi í níbi tó ń lọ.