Kọ́kọ́rọ́ Ilẹ̀kùn Àríkẹ́

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọjọ́ tí ọkọ wọn ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn Àríkẹ́, ìyàwó kékeré, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Ìyá Kóredé, ìyáálé, mọ́. "Èmi ń fi okùn so tèmi, tìyàwó àná ń dán!" Ó po eérú mọ́ epo, ó rọ ọ́ sínú ihò kọ́kọ́rọ́ náà, ó gba oko lọ.

Àṣé ìyá tó bí Ìyá Kóredé lọ́mọ ń bọ̀ wá kí i. Àríkẹ́ ní kí wọ́n sinmi ní yàrá òun títí ọmọ wọn yóò fi dé. Màmá tilẹ̀kùn láti gbàdúrà, kọ́kọ́rọ́ ò ṣí mọ́.

Igbe wọn ni Ìyá Kóredé bá nílé: "Ooru ń pa mí o!"

Káfíńtà tí wọ́n pè mirí. "Etí ilẹ̀kùn la ti ń tú irú kọ́kọ́rọ́ yìí, kò sì ṣeé tú nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Àáké ló kù."

"Ilẹ̀kùn mi kẹ̀!" Àríkẹ́ figbe ta.

Ìyá Kóredé gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí gúlegúle. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ là á, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, Àríkẹ́. Kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tèmi fún ọ."

Màmá jáde láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Aṣọ ló ń bo ẹnu ọ̀nà Ìyá Kóredé báyìí.