Ìdí Tí Owó Fàdákà Àtijọ́ Ilẹ̀ Pólándì Kò Fi Lè Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Dúró níbẹ̀ ná. Bí o bá ń jẹun, gbé àwo sílẹ̀. Bí o bá ń sáré lọ síbi eré, jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àyà mi já nígbà tí mo rò ó dé òpin, mi ò sì fẹ́ kó kọjá létí rẹ bí atẹ́gùn.

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ilẹ̀ Pólándì ṣì dí tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í kan ilẹ̀, gbogbo ohun tí ọwọ́ Ọlọ́run dá ló ń sọ̀rọ̀. Òòlù ń sọ̀rọ̀. Iná ń sọ̀rọ̀. Owó fàdákà pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, kò sì tíì sí ẹni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bí i. Alágbẹ̀dẹ ọba á gé fàdákà pẹlẹbẹ, á rí róbótó bí ìpẹ́ ẹja. Á fi í sáàárín irin méjì tí wọ́n fín àwòrán sí lára, Òòlù á sì sọ̀ kalẹ̀ lé e. Gbàà. Nítorí náà ni gbogbo owó fàdákà ṣe ń pe Òòlù ní Màmá.

Ẹyẹ kan máa ń wà lójú owó kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ tó wà láàyè ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó náà lé àtẹ́lẹwọ́, ẹyẹ náà á kọrin. Á dárúkọ ọba tó ni owó náà, á sì dárúkọ ọdún tí wọ́n lù ú. Ní ọjọ́ ọjà, bí igbó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni gbogbo ibẹ̀ ṣe ń dún. Kò sí ẹni tó ń wo ojú owó rárá. Kí ni wọ́n fẹ́ wò ó fún, nígbà tí etí ti gbọ́?

Òfin kan wà níbẹ̀. Bí ọba bá ti lu owó tuntun, àwọn ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú Iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Wọ́n á yọ́, Òòlù á sì tún wọn bí. Iná kì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. A máa wí pé, "Ìdọ̀tí nìkan ló ń kú lọ́wọ́ mi. Ẹni tó wọlé ní arúgbó, ọmọ tuntun ni yóò jáde." Ṣùgbọ́n owó àtijọ́ tó bá sọ pé tuntun ni òun, ọba á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ná an.

Owó àtijọ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dídán. Ó fẹ́ràn ojú ara rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù Iná. Lọ́jọ́ kan ó pe ẹyẹ ojú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé wa lọ́jà tó ń bọ̀, ọdún yìí ni kí o fi kọrin."

"Ṣé ọdún yìí ni wọ́n bí wa?" ni Ẹyẹ bi í.

"Ta ló ń bi ọ́ nípa ìyẹn? Orin ni mo ní kí o kọ, mi ò ní kí o wá jẹ́rìí."

"Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí mo bá la ẹnu, òtítọ́ ló ń jáde."

"Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù," ni Dídán wí.

Ọmọdé tó ń ka ìwé yìí, gbọ́ ohun tó ṣe. Ó yí lọ sétí odò, ó da ojú bo iyanrìn, ó sì ń ha ara rẹ̀, ó ń ha á, títí àgógó ẹnu ẹyẹ náà fi jẹ tán. Wọ́n jọ bí wọn ni, lábẹ́ Òòlù kan náà. Ẹyẹ náà kò dáwọ́ orin dúró títí iyanrìn fi gba ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí Dídán dìde, ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Arìnrìn-àjò kan tó rí i he létí odò ló ná an fún Bọ́gínà, opó kan tó ń gbé ní ìpẹ̀kun abúlé pẹ̀lú Mílà ọmọbìnrin rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí obìnrin náà hun fúnra rẹ̀ ni àlejò yẹn rà. Bọ́gínà gbé owó náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó dẹtí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹyẹ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Mílà," ni Dídán wí. "Òtútù ló mú un, ohùn rẹ̀ ti há. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi á sọ fún yín. Ọdún yìí ni wọ́n bí mi. Ẹ ò rí bí ojú mi ṣe ń dán?"

Bọ́gínà rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lẹ́ o. Ká ní mo ní oyin ni, màá fún un lá."

Ó gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ fà á tí kò fi ní gbà á gbọ́? Fàdákà kò tíì parọ́ rí láyé.

Ní ilẹ̀ yẹn, bí òjò dídì bá ti bo ilẹ̀, ohun kan kì í hù mọ́. Ẹran tí èèyàn bá fi iyọ̀ sí ni yóò máa jẹ títí oòrùn yóò fi padà. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn kí ọ̀nà tó dí, Bọ́gínà pa ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo tó ní. Ó fi Mílà sílẹ̀ kó máa lé ajá kúrò nídìí ẹran, ó sì gbéra lọ ra iyọ̀.

Ó gba iwájú Iná kọjá. Iná ní, "Ìyá Mílà, ṣé kò sí owó àtijọ́ lọ́wọ́ yín?" Bọ́gínà ní, "Rárá o, tuntun ni tèmi." Dídán fara pamọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀.

Rádómírì ni oníyọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ó gba Dídán, ó gbé e lé ọwọ́, ó dúró.

"Ẹyẹ rẹ dà?"

"Ó ń sùn," ni Dídán wí.

Bọ́gínà yíjú sí i. "O ò ha sọ fún mi pé òtútù ló mú un?"

"Òtútù ló mú un, ló bá sùn."

"Ẹyẹ tó ń sùn lọ́jọ́ ọjà!" ni Rádómírì wí. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó fi gé etí Dídán díẹ̀. Ó rí funfun nínú. "Fàdákà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò mọ ọdún. Ẹ bá mi pe Òòlù."

Òòlù dé. Ó yẹ etí Dídán wò yíká. Ó wí pé:

"Àwọn ọmọ tí mo bí lọ́dún yìí, etí wọn dìde yíká bí etí àwo. Tìrẹ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láyé ọba tó ti kú ni mo bí ọ. Dídán, ẹnu ẹyẹ tí mo fi sójú rẹ dà?"

Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ wò ó, wọ́n rí ipa iyanrìn. Obìnrin kan gbé ọwọ́ lé orí.

"Ọba ló ni owó yìí báyìí," ni Rádómírì wí. "Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ìyá Mílà, ẹ má bínú sí mi."

Bọ́gínà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ mi ti wà nílẹ̀ ní pípa. Kí ni màá fi fún ọmọ mi jẹ?"

Iná ké láti ẹnu ọ̀nà. "Dídán, ilẹ̀kùn mi ṣì ṣí. Jẹ́wọ́, kí o wọlé. Wọn ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí."

Rádómírì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Bó bá jẹ́wọ́ ní ẹnu ara rẹ̀, mo gbà. Màá wọn iyọ̀."

Bọ́gínà mú owó náà bí ẹni mú ẹyin. "Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Sọ pé o ti dàgbà."

Dídán wo Iná. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀. Ó wá wí pé, "Ọdún yìí ni wọ́n bí mi."

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, Olúwa tó fi fàdákà sínú òkè na ọwọ́ rẹ̀. Orin kú lọ́jà. Ní àtẹ́lẹwọ́ olówó àti tálákà, gbogbo ẹyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì di àwòrán bàìbàì. Dídán la ẹnu láti tún sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde. Àwọn èèyàn ń mi owó wọn létí, wọ́n ń pè é, wọ́n ń sunkún. Òòlù náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Bọ́gínà padà sílé láìní iyọ̀. Ó pín ẹran náà fún aládùúgbò kó má baà jẹrà, òun àti Mílà sì fi ebi la ìgbà òtútù yẹn já.

Láti ọjọ́ náà ni owó fàdákà àtijọ́ ilẹ̀ Pólándì kò ti lè sọ ọdún rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí i lára. Láti ọjọ́ náà ni ojú ẹyẹ rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e lórí: ẹnì kan ní àkùkọ ni, ẹnì kan ní ọ̀kín ni, òmíràn ní idì ni. Ìdí nìyẹn tí àpá ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dán an wò fi wà létí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kó yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó dìde, kó sì béèrè irú owó tí wọ́n bá a nínú ìkòkò kan náà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣeé gbà mọ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ́rìí fún un títí ayé.

Ìwọ tí o ti kà á dé ibí, ojú rẹ ni mo ń wò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tí o sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún, tó sì gbà ọ́ gbọ́ nítorí pé o ò parọ́ fún un rí. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Dìde, padà lọ bá a nísinsìnyí, kí o sì sọ òtítọ́ fún un.