Ìbídùn Tó Ń Fún Omi Rúmánì

Ní ayé ìgbà tí àwọn oníṣòwò ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè Ọya wá sí ilẹ̀ wa, Abọ́sẹ̀dé ni ìyàwó kékeré nílé Láníhún, àgbẹ̀ oníṣu kan ní ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Ìgbòho. Ìbídùn ni ìyáálé rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà rí, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà bá ara wọn rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ẹrù, kódà bí ọrùn rẹ̀ bá fẹ́ ṣẹ́.

Àìsàn ọkọ wọn ló sọ Ìbídùn di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Láníhún fẹ́ràn iyán àti oyin kọjá ààlà. Nígbà tó yá, bó bá gun òkè kékeré tó wà lọ́nà oko, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkìkì, a sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Òùngbẹ kì í tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, èèrà a sì máa ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Oníṣòwò kan tó wọ̀ sílé wọn ló mú èso kan jáde nínú ẹrù rẹ̀. Èèpo èso náà le, inú rẹ̀ sì kún fún kóró pupa wẹ́wẹ́ bí iyùn. Rúmánì ni ó pè é.

“Máa fún omi rẹ̀ fún un láràárọ̀,” ni ó wí fún Ìbídùn, “kí o sì bu iyán rẹ̀ kù. Omi yìí nìkan kò lè bá iyán jà.”

Ìbídùn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbin kóró rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọn omi sí i lẹ́ẹ̀rùn bí ẹni ń tọ́ ọmọ, títí ó fi so. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn Láníhún rọlẹ̀, tí èèrà sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dàgbà, ó darúgbó, kó tó di pé ó sun oorun tí kò jí mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn tí àyà ń dùn àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú ti ń wá sí ẹ̀yìnkùlé Ìbídùn. Ọ̀bẹ kan báyìí ló fi ń la èso náà. Abọ́sẹ̀dé a pọn omi, a sì gbá èèpo dànù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ìbídùn ni yóò là á, òun ni yóò fún un, òun náà ni yóò sì dúró ti aláìsàn títí yóò fi mu ún tán.

Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ rí i. Ó rí i pé ìyáálé òun kò lè ti ibi igi dé ìloro mọ́ láìdúró kó fọwọ́ ti ògiri. Ó rí i pé ìkòkò omi ń tètè gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí èèrà tó tò lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣú.

“Ìyáálé mi,” ni ó wí, “ẹ̀yin náà ẹ máa mu nínú omi yìí.”

“Kí ló ṣe mí?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

Ìbídùn kò wo ojú rẹ̀. “Bí wọ́n bá rí mi tí mò ń mu ún, ta ni yóò tún gbà á lọ́wọ́ mi? Èmi ni mò ń wo ènìyàn, Abọ́sẹ̀dé. Ẹnikẹ́ni kì í wò mí.”

Ní ọjọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé fi ọ̀bẹ tirẹ̀ la rúmánì kan, ó fún omi rẹ̀ sínú igbá, ó sì gbé e lọ sí yàrá ìyáálé rẹ̀. Ìbídùn gbà á, ó dà á sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó sì dá igbá òfìfo padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà wọ Abọ́sẹ̀dé lára. Kò sọ ọ́ mọ́, kò sì fún òmíràn títí òjò fi dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Omi èso ti jẹ èkù ọ̀bẹ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Èkù náà dá ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, nígbà tí àwọn aláìsàn ti jókòó níwájú ilé. Abọ́sẹ̀dé wá ìyáálé rẹ̀ títí, ó sì bá a lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìbídùn jókòó sílẹ̀, ó fi orúnkún há igi kan, ó fi àkísà wé irin ọ̀bẹ náà, ó sì ń fi í gbẹ́ igi. Irin náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin àkísà.

“Kí lẹ ń ṣe, ìyáálé mi?”

“Èkù ni mò ń gbẹ́.”

“Ọ̀bẹ yìí náà lẹ fi ń gbẹ́ èkù rẹ̀?”

“Ó mú,” ni Ìbídùn wí. Ó ń mí gúlegúle.

“Mo mọ̀ pé ó mú. Ọ̀bẹ mìíràn ni yóò gbẹ́ ẹ fún un.”

Ọwọ́ Ìbídùn dúró. Ó wo irin ọ̀bẹ náà pẹ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kò rí omijé rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ wọn. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu wá, ó gbẹ́ èkù náà, ó fi irin bọ̀ ọ́, ó la rúmánì, ó sì fún omi rẹ̀ fún ìyáálé rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Ìbídùn kò kọ̀. Ó mu ún tán, ó sì nu ẹnu.

“Báyìí ló ṣe ń kan tó,” ni ó wí. “Èmi ni mò ń bá wọn wí pé kí wọ́n má ṣe fajú ro.”

Láràárọ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ń fún un mu lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìbídùn wú títí kò fi lè dìde mọ́. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán tó fi kú, orí rẹ̀ wà lórí itan orogún rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn tó ti mu omi lọ́wọ́ rẹ̀ ń bi ara wọn léèrè bí ẹni tó wo ọkàn gbogbo ìlú ṣe lè jẹ́ kí ọkàn pa òun. Àwọn kan ní irọ́ ni omi náà. Abọ́sẹ̀dé sọ ti ọ̀bẹ náà fún wọn, kò sì fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ní, “Nígbà tó da ti àkọ́kọ́ nù, ó yẹ kí n fún òmíràn. Èmi náà bínú.”

Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.